AC ọkọ̀ mi ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó ń kú lọ́sàn-án: ṣé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló lọ lóòótọ́?

Tísà_Owé, Kábà

Òkun o, gbogbo ilé.

Camry 2004 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.4. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí AC rẹ̀ ti ń fi mí ṣeré. Tí mo bá ṣíná láàárọ̀ kùtù láti lọ sí Lọ́kọ́jà, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ dáadáa. Kí n tó dé Ọbájànà, ó ti di atẹ́gùn lásán. Nígbà tí mo bá fi máa wọ Lọ́kọ́jà, ẹ sì mọ bí ooru ìlú yẹn ṣe rí, inú ọkọ̀ ti di ààrò. Tí mo bá wá ń padà bọ̀ lálẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ẹnìkan tó ń ṣe AC. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò fi géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì sí i, kò fi mítà kàn án. Ó kàn wò ó, ó mi orí, ó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC, ti kú, kí n mú ₦140,000 wá fún tòkunbọ̀ mìíràn. Gáàsì ò sí nínú owó yẹn o. Owó oṣù tísà ni mo ń gbà. Kí n tó lọ yáwó, kí ni mo lè yẹ̀ wò nílé tí màá fi mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ? Mo ní mítà kékeré tí mo fi ń yẹ sólà wò, mo sì ní súpánà díẹ̀.

Sharp_Ẹ̀gbẹ̀

Gáàsì ló jò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ òmíràn sí i, ó parí. Tí owó gáàsì bá sì ń dùn yín, gáàsì ìdáná náà ṣeé rọ. Ẹnìkan rọ ọ́ sínú Golf mi lọ́dún tó kọjá, ó tutù bíi fíríìjì.

Ìyá_Ìbejì, Mọ̀pà

Gáàsì inú sílíńdà tí mo fi ń se ẹ̀wà? Nínú ọkọ̀ tí èèyàn ń kó ọmọ sí? Ọmọ yìí, ta ló bí ẹ?

Rẹ́wáyà_Ìsánlú

Òkun o. Ìyá ìbejì, ẹ rọra, ẹ fi ìyókù fún mi.

Sharp, ó ń tutù lóòótọ́, n ò ní parọ́. Àmọ́ ibi tí gáàsì AC ti ń di tútù, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, inú ibi tó o jókòó sí gan-an. Lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bá jò, inú ọkọ̀ tó o ti gíláàsì rẹ̀ pa ni gáàsì yẹn máa kún. Síwíìṣì kan tó bá ta pàrà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ti tó. Gáàsì R134a tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn fún kì í gbiná bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa fi géèjì kan ọkọ̀ rẹ lọ́la pẹ̀lú kò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀, síga lè wà lẹ́nu rẹ̀. Rí i pé o sọ fún un kó tó ṣí nǹkan kan.

Ó yá, Tísà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ kan ló mú mi létí: láàárọ̀ ó ń ṣiṣẹ́, lọ́sàn-án ó kú, lálẹ́ ó jí. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí inú rẹ̀ ti jẹ kì í jí lálẹ́. Ẹ má tíì yáwó.

Nígbà tó bá tún kú lójú ọ̀nà, ẹ wá ibi tó dáa dúró sí. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì AC wà ní títẹ̀, kí ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́líìtì gbà, ẹ máa rí ojú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ níbẹ̀. Púlì tí bẹ́líìtì gùn ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, yálà ẹ tẹ AC tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́. Níwájú púlì yẹn ni àwo irin pẹlẹbẹ kan wà, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́: òun là ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ ò bá tẹ AC, àwo yẹn á dúró jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn púlì á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa àwo náà mọ́ra, ẹ máa gbọ́ “tàk!”, àwọn méjèèjì á sì jọ máa yí.

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín nìyí: nígbà tí atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ́, ṣé àwo yẹn ń yí, àbí ó dúró? Tó bá ń yí tí kò sì tutù, gáàsì tàbí kọndẹ́ńsà tó ń tu gáàsì lójú níwájú ọkọ̀ ni ká lọ wò, tàbí inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá dúró, iná tàbí kílọ́ọ̀ṣì ni.

Ojú lásán ni o. Ẹ má na ọwọ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ lẹ wọ̀, ẹ ká a dé ìgbọ̀nwọ́.

Bàbá_Gbẹ̀dẹ̀, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Peugeot 504 ni mo fi jẹun láyé ìgbà tí R12 ṣì ni gáàsì AC. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì. Tí inú rẹ̀ bá ti dán bíi bàtà ọjọ́ Àìkú, á máa yọ̀ lórí púlì, á sì máa han gooro tẹ́ ẹ bá tẹ AC. Ọmọ mi Tísà, wo ìyẹn náà.

Rẹ́wáyà_Ìsánlú

Òótọ́ ni, bàbá. Ọ̀pọ̀ Toyota ayé òde òní tiẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Tí ọkọ̀ bá rí i pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ò yí bó ṣe yẹ, á pa AC fúnra rẹ̀, iná bọ́tìnnì AC á sì máa ṣẹ́jú. Tísà, ẹ bá mi wo bóyá iná yẹn ń ṣẹ́jú.

ỌmọBùnú, Ọbájànà

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ já wọlé díẹ̀. Tèmi ń yí o, mo rí i pẹ̀lú ojú mi, síbẹ̀ kò tutù tí mo bá ti dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Tí ọkọ̀ bá ń sáré ló ń tutù. Hilux ni, ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù símẹ́ńtì ni mo máa ń wà láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ìjùmú_ní_Àbújá

Òkun o, ará ilé. AC ọkọ̀ ni mo ń ṣe jẹun níhìn-ín, ọmọ Ìyàrà ni mí.

ỌmọBùnú, tìẹ rọrùn. Ọkọ̀ tó ń sáré ń rí atẹ́gùn lójú kọndẹ́ńsà, ọkọ̀ tó dúró kò rí i. Tó o bá wà ní ìdúró, tẹ AC, kó o wo fáànù iwájú: ṣé ó ń yí? Tó bá ń yí, bu omi sí kọndẹ́ńsà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn bí ẹní jọ rédíétọ̀ tó wà níwájú pátápátá. Tí inú ọkọ̀ bá tutù láàárín ìṣẹ́jú méjì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ ò ní nǹkan kan, eruku ló dí kọndẹ́ńsà. Símẹ́ńtì tí ìrì bá ti bà, o mọ̀ pé ó ń dì. Rọra fi omi fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ sún mọ́ ọn, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ á wó lulẹ̀ bíi koríko.

Ìyá_Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, kí wọ́n má bàa rò pé irọ́ ni gbogbo oníṣẹ́ AC ń pa. Tèmi kú lóòótọ́.

Sienna tí mo fi ń kó iṣu àti gààrí ni. Ariwo ló kọ́kọ́ mú wá. Tí mo bá tẹ AC, á máa dún kara-kara bí ẹni tó ń lọ òkúta. Tí mo bá pa á, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ pátápátá, kò sì tutù mọ́. Wọ́n fi géèjì sí i, abẹ́rẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀kan wà ní 85, èkejì wà ní 110, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o, àwo yẹn sì ń yí. Mo ra tòkunbọ̀, wọ́n dè é, wọ́n rọ gáàsì. Oṣù méjì péré, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kara-kara. Ẹni tó dè é ní orí mi ni kò dáa.

Ìjùmú_ní_Àbújá

Orí yín dáa, ìyá ìbejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò dáa.

Géèjì yín sọ òótọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni kó fa gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fún un mọ́ ẹgbẹ́ kejì. Tí AC bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, abẹ́rẹ́ ẹgbẹ́ ìfà máa ń wà láàárín 25 sí 45 psi, ti ẹgbẹ́ ìfún á wà ní 200 sókè, ó tiẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 300 nínú oòrùn tiwa. Tí àwo bá ń yí tí abẹ́rẹ́ méjèèjì sì súnmọ́ra báyẹn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ò fún nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbà pé ó kú. Ariwo yín náà bá a mu. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún nígbà tí AC wà ní pípa pẹ̀lú, bíárìn púlì ni ǹ bá kọ́kọ́ fura sí, torí púlì kì í sinmi. Èyí tó ń dún kìkì tẹ́ ẹ bá tẹ AC, inú ló ti wá.

Ohun tó pa èkejì nìyí. Nígbà tí àkọ́kọ́ ń jẹ ara rẹ̀, ó pọ irin wẹ́wẹ́ sínú òróró. Ẹ bá ti rí òróró dúdú tó ń tàn yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ bí ọ̀dà èékánná ká ní ẹnìkan yẹ ẹnu páìpù wò. Irin wẹ́wẹ́ yẹn wà nínú kọndẹ́ńsà, ó wà nínú díráyà, ìyẹn agolo tó ń gba omi kúrò lára gáàsì, ó wà lẹ́nu fáàfù kékeré tó ń tú gáàsì sílẹ̀. Ẹ wá de kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun sí i, ló bá fa gbogbo rẹ̀ mu. Wọn ì bá fọ àwọn páìpù, wọn ì bá pààrọ̀ díráyà àti fáàfù. Kọndẹ́ńsà tí ihò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà ṣeé fọ̀ mọ́ tán, pípààrọ̀ ni. Wọn ì bá wá fi ẹ̀rọ fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó rọ gáàsì. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Mi ò tíì sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Tísà_Owé, Kábà

Mo ti dé o. Lónìí náà ló kú, ní nǹkan bí ìrìn ìṣẹ́jú ogójì láti ilé. Mo páákì sábẹ́ igi, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Púlì ń yí. Àwo iwájú rẹ̀ dúró gbagidi. Iná AC kò ṣẹ́jú, ó tàn gbọọrọ. Bàbá, bẹ́líìtì dáa, oṣù kẹta ni mo pààrọ̀ rẹ̀.

Wáyà kan ṣoṣo ló wọ kílọ́ọ̀ṣì tèmi. Mo yọ ẹnu rẹ̀, mo fi mítà kàn án: fólíìtì 13.8. Ìyẹn ni pé iná dé ibẹ̀ àbí?

Sharp_Ẹ̀gbẹ̀

Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí láìjẹ́ pé wọ́n bú mi? Tí Golf mi bá ṣe báyẹn, omi tútù ni mo máa ń dà sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Tàk! Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé gáàsì ni omi ń tù lójú.

Rẹ́wáyà_Ìsánlú

Sharp, ohun gidi kan lo sọ yẹn, o ò kàn mọ̀ ni. Dúró, màá padà sórí rẹ̀.

Tísà, iná tí ẹ wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ yọ ẹnu wáyà lè tan yín jẹ. Rìlé, ìyẹn síwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún kílọ́ọ̀ṣì, tí ojú rẹ̀ bá ti jó, á fi fólíìtì 13 hàn yín nígbà tí kò sẹ́rù lọ́rùn rẹ̀. Ẹ bá gbé kọ́ìlì kọ́ ọ lọ́rùn báyìí, á wálẹ̀ sí 8. Ẹ dá ẹnu wáyà padà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un láti ẹ̀yìn, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n nígbà tí AC wà ní títẹ̀. Tó bá ṣì ju 12 lọ, ẹ fi iná sílẹ̀. Kí ẹ tó fara kan ibẹ̀, ẹ tún wo ibi tí bẹ́líìtì gbà dáadáa. Ẹ gún abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ tó ṣíná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ wọn kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ní óòmù, láàárín ẹnu wáyà rẹ̀ àti ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ tó tutù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná. 3 sí 5 ló sábà máa ń wà. Tí mítà ò bá ka nǹkan kan, wáyà inú rẹ̀ ti já. Tó bá ń ka òdo tàbí ohun tó súnmọ́ ọn, ó ti jó pọ̀, fíúùsì á sì máa já.

Ìjùmú_ní_Àbújá

Kí n fi ẹyọ kan lé e nítorí ẹni tó ń kà á. Síwíìṣì kan wà lára páìpù AC tó ń wo gáàsì. Tí gáàsì bá ti lọ sílẹ̀ jù, á gé iná, kílọ́ọ̀ṣì ò ní í rí iná rárá. Torí náà, tí iná bá dé ẹnu kọ́ìlì tó sì kún, síwíìṣì ti dá gáàsì láre, a ti dá fíúùsì láre, a ti dá rìlé náà láre. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan súpánà, ẹlẹ́jọ́ mẹ́ta sì ti lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní géèjì, ẹ má jẹ́ kí ti ìdúró tàn yín jẹ. Tí ọkọ̀ bá ti wà ní pípa fún ìgbà pípẹ́ lábẹ́ ìbòòji 30°C, abẹ́rẹ́ méjèèjì máa wà ní nǹkan bíi 97 psi fún R134a, yálà gáàsì kún tàbí ó ku ìdajì. Bíi sílíńdà ilé ìdáná ni: níwọ̀n ìgbà tí omi gáàsì bá ṣì kù nísàlẹ̀, iná á máa jó dáadáa títí dìgbà tó bá kù fẹ́ẹ́. Ìwọ̀n lórí òṣùwọ̀n nìkan ló ń sọ òótọ́, iye gíráàmù rẹ̀ sì wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Tísà_Owé, Kábà

Mo wọ̀n ọ́n tán. Pẹ̀lú ẹnu wáyà ní àyè rẹ̀: 13.1. Kọ́ìlì láàárọ̀: 3.6. Kọ́ìlì nígbà tó gbóná tó sì kú: 4.5.

Ó pọ̀ sí i. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rẹ́wáyà_Ìsánlú

Kò bàjẹ́. Wáyà bàbà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: tó bá gbóná, á máa dènà iná. Ẹ ṣírò rẹ̀, tísà ni yín. Láàárọ̀, 13.1 pín sí 3.6, iná bí áńpù 3.6 ló ń gba inú kọ́ìlì. Lọ́sàn-án, 13.1 pín sí 4.5, kò pé 3. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ti dín kù nìyẹn. Síbẹ̀, kọ́ìlì tó dáa á ṣì fa àwo náà, àyàfi tí àwo bá jìnnà sí i jù.

Ibi tí mo ti fẹ́ yí ojú yín sí látàárọ̀ nìyẹn. Láàárín àwo àti púlì, àlàfo tínrín kan wà. Ní ti irú ọkọ̀ yín, kò yẹ kó ju 0.6 mm lọ, kò sì yẹ kó dín sí 0.35. Ojoojúmọ́ tí àwo bá ń lù mọ́ púlì ló ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan àlàfo á ti fẹ̀. Ẹ mọ bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa ìṣó: ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, kò tún fà á mọ́ rárá. Láàárọ̀ kọ́ìlì lágbára, á fa àwo kọjá àlàfo. Lọ́sàn-án ó rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Omi Sharp náà nìyẹn: kọ́ìlì ló ń tù lójú, kì í ṣe gáàsì.

Ẹ ò nílò irinṣẹ́ ìwọ̀n kankan. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ mú káàdì ATM, sísanra rẹ̀ jẹ́ 0.76 mm. Tó bá wọ àlàfo yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gan-an, ewé ìwé tí ẹ fi ń tẹ ìdánwò sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà ló nípọn. Ẹ máa kó wọn lé ara wọn títí á fi há.

Ìyá_Ìbejì, Mọ̀pà

Káàdì ATM? Ẹ lo èyí tí owó ti tán nínú rẹ̀.

Tísà_Owé, Kábà

Ìyá ìbejì, èyí tí owó ti tán nínú rẹ̀ nìkan ni mo ní.

Ó wọlé. Kò tiẹ̀ há. Mo wá ka ìwé: ewé mẹ́sàn-án ló há. Mo kà á láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, bákan náà ni.

Rẹ́wáyà_Ìsánlú

Ẹ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ooru, kí ẹ má bàa sọ pé mo dá a lẹ́jọ́ lókèèrè. Nígbà tó bá tún kú lọ́sàn-án, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ ẹnu wáyà kọ́ìlì, ẹ fa wáyà mìíràn láti orí bátìrì sí i, kí fíúùsì áńpù 10 wà láàárín. Tí kò bá dún “tàk”, ẹ fi igi ti àwo náà síhà púlì. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn tí kò sì kúrò mọ́, kọ́ìlì ṣì lágbára láti dì í mú, fífà láti òkèèrè nìkan ni kò lè fà. Ẹ́ńjìnnì wà ní pípa o! Mo ti rí ẹni tó fi igi ìgbálẹ̀ ti i nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Igi yẹn fò kọjá létí ọmọṣẹ́ mi, títí dòní ni ọmọ náà ń fọwọ́ kan etí tó bá rí ìgbálẹ̀.

Tísà_Owé, Kábà

Mo ṣe é. Kò dún. Mo fi igi ti i, ó lẹ̀ gbàgà. Mo yọ wáyà, ó já. Ẹ̀ẹ̀mẹta, bákan náà. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ yí, ọlọ́kadà kan dúró, ó ní ṣé kò sí o.

Báwo ni mo ṣe máa dín àlàfo yẹn kù?

Rẹ́wáyà_Ìsánlú

Àárín àwo yẹn, bóòtù kan ló dè é. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ súpánà 10 ló gbà, òmíràn 8. Ẹ wá ohun tí ẹ máa fi di àwo mú kó má yí, bẹ́líìtì àtijọ́ dáa fún un. Tí bóòtù bá ti jáde, ẹ rọra fa àwo síta, ó gùn orí eyín ọ̀pá. Ẹ jẹ́ kó rọra, ẹ má fi òòlù gbá a, ẹ ò fẹ́ kó tẹ̀. Nínú ihò rẹ̀ tàbí lórí ọ̀pá, ẹ máa rí wáṣà tínrín, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Òróró máa ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ibẹ̀, ẹ lè rò pé kò sí. Àwọn wáṣà yẹn ló ń pinnu àlàfo. Ẹ yọ èyí tó máa mú un wá sí nǹkan bí 0.4 tàbí 0.5, ẹ dá ìyókù padà, ẹ dè é, ẹ tún fi ìwé wọ̀n ọ́n. Kí ẹ wá fi ọwọ́ yí púlì: tó bá ń ha àwo, ẹ ti dín in jù, yóò máa jó.

Ẹ ò ní í ṣí gáàsì rárá fún gbogbo eléyìí. Bóòtù tó ní páìpù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, gáàsì tó bá tú sí èèyàn lójú lè fọ́ ọ lójú.

Bàbá_Gbẹ̀dẹ̀, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Wáṣà. Gbogbo ₦140,000, wáṣà ni. Láyé tiwa, ẹni tó bá ṣe irú èyí kì í lè gba iwájú gáréèjì kọjá mọ́.

Ìjùmú_ní_Àbújá

Bàbá, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́. Ó lè máà jẹ́ olè. Púpọ̀ nínú wa kọ́ iṣẹ́ yìí nípa pé a rí ọ̀gá wa tó ń pààrọ̀ nǹkan, a ò rí i tó ń wọn nǹkan.

Tísà_Owé, Kábà

Ọjọ́ Sátidé ni mo ṣe é. Mo lo bí wákàtí méjì, wákàtí kan nínú rẹ̀ jẹ́ wíwá wáṣà kan tó bọ́ sínú iyanrìn, ọmọ mi obìnrin ló rí i. Mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Mo yọ èyí tó nípọn jù, ewé ìwé márùn-ún ni òun nìkan. Mo dè é padà, ewé mẹ́rin ló wọ àlàfo báyìí, ìkarùn-ún há. Mo fi ọwọ́ yí púlì, kò ha.

Mo lọ sí Lọ́kọ́jà lọ́jọ́ Ajé. Mo yá tẹmọ́mítà kan níyàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa, mo kì í bọ ihò tí atẹ́gùn ń gbà fẹ́. Ní Ọbájànà, 8°C. Ní Lọ́kọ́jà, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀sán, ó gùn dé 12, kò sì kú. Ìyàwó mi ní kí n pa á, òtútù ń mú òun. Ó tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn.

Ọ̀gá Rẹ́wáyà, Ọlọ́run á bù sí i fún yín.

ỌmọBùnú, Ọbájànà

Èmi náà fọ kọndẹ́ńsà. Omi tó jáde nípọn bí ògì. Ó ti ń tutù ní ìdúró báyìí.

Sharp_Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀gá Rẹ́wáyà, mo ti fi káàdì yẹ ti Golf wò, ó wọlé bọ̀ọ̀. Ṣé ti Golf náà ní wáṣà? Mo lè gbé e wá sí Ìsánlú ní Sátidé tó ń bọ̀.

Rẹ́wáyà_Ìsánlú

Ó ní in. Gbé e wá. Àmọ́ ìta gbangba ni kó o páákì sí o, ṣí gbogbo gíláàsì kó o tó dé, má sì mu sìgá lọ́nà. N ò ní í jẹ́ kó wọ abẹ́ àtíbàbà mi títí a ó fi tú gáàsì ìdáná yẹn dànù.